Fóònù yín nílẹ̀ òkèèrè: ta ló ń gbé ìpè yín, ta ló sì ń gba owó rẹ̀?

Ìpè tí ẹ kò pè, tí ẹ kàn gbé, lè jẹ owó yín tán bí ẹ bá wà lókè òkun. Àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà láti Àbújá lọ́dọọdún mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn ìyá tó ń lọ sí Ìlú Ọba lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ tuntun náà mọ̀ ọ́n. Ní Kubwa, ní Lugbe, ní Nyanya, níbi gbogbo tí àwa Yorùbá bá ti pàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tàbí ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú, ẹjọ́ kan náà là ń gbọ́. "Mi ò pe ẹnì kankan, káàdì mi sì tán." "Nọ́ńbà ọmọ mi tí mo mọ̀ sórí ni mo tẹ̀, wọ́n ní kò sí irú ẹ̀." "Kóòdù báńkì kò dé títí mo fi padà wálé."

Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá ní àwọn àgbà wa kò mọ fóònù lò. Wọ́n mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn ni pé fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn ní Wuse, bó bá ti dé Jeddah, abẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló bọ́ sí. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

## Kí ni wọ́n ń pè ní roaming?

Síìmù yín ló ń sọ ẹni tí ẹ jẹ́ fún ilé-iṣẹ́ fóònù, ì báà jẹ́ MTN, Airtel, Glo tàbí 9mobile tó ti di T2 báyìí. Àwọn òpó gíga tí ẹ ń rí káàkiri ìgboro ló ń gbé ohùn yín lọ, tó ń gbé e bọ̀. Òpó tí ilé-iṣẹ́ yín rì mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà kò lè gbóhùn yín láti Sáúdí. Bí ọkọ̀ òfurufú bá balẹ̀ ní Jeddah tí ẹ tan fóònù, òpó àwọn ará ibẹ̀ ló máa rí: ti STC, ti Mobily tàbí ti Zain. Wọn kò mọ̀ yín rí. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín ní Nàìjíríà bóyá oníbàárà wọn ni yín lóòótọ́, àti bóyá kí wọ́n gbà yín láyè. Bí àdéhùn bá wà láàárín àwọn méjèèjì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wọlé. Kí ènìyàn máa fi síìmù ilé lo òpó olóòpó nílẹ̀ òkèèrè, òun ni roaming.

Ẹ fi wé ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi wọ̀ sílé ọ̀rẹ́ ní ìlú mìíràn. Ọmọ náà ń jẹ, ó ń mu, wọn kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá. Bàbá á san án, á fi tirẹ̀ lé e, á wá yọ ọ́ lára owó ọmọ. Ohun tó ń mú kí owó roaming ga tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn: ọwọ́ méjì ló ń jẹ níbẹ̀.

Kì í ṣe orí gbogbo síìmù ni roaming ti ṣí. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe 300, nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ yín ti ń dá oníbàárà lóhùn. Láti ọdún 2023 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti sọ irú àwọn kóòdù bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan náà, 300 yìí ni fún gbogbo ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i fún yín, kí wọ́n sì sọ iye tí ìṣẹ́jú kan jẹ́ níbi tí ẹ ń lọ, bí ẹ bá pè àti bí wọ́n bá pè yín. Ẹ má gbàgbé láti gba nọ́ńbà wọn gígùn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234, torí ẹ kò lè gbójú lé 300 bí ẹ bá ti kọjá òkun.

Bí wọ́n bá tà yín ní ètò roaming ọlọ́jọ́ méje tàbí ti oṣù kan, ẹ béèrè orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ra ti Ìlú Ọba, tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ wá dúró ní Cairo, ní Istanbul tàbí ní Doha fún wákàtí mélòó kan, bó bá tan fóònù níbẹ̀, òpó ibẹ̀ ni fóònù máa mú. Ètò tó rà lè máà kan ibẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí fóònù wà lórí Airplane mode títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ń lọ gan-an. Kódà àwọn ọkọ̀ òfurufú kan ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn lójú ọ̀run, owó rẹ̀ sì le ju ti ilẹ̀ lọ.

## Kí ló dé tí mo fi ń sanwó ìpè tí wọ́n pè mí?

Èyí ló ń bí ènìyàn nínú jù. Nílé, ẹni tó pè ló ń sanwó, gbogbo wa la mọ bẹ́ẹ̀.

Ká ní ẹ wà ní Mẹ́kà, àbúrò yín ní Nyanya wá tẹ nọ́ńbà yín. Ó lè máà mọ̀ pé ẹ ti rìnrìn-àjò. Lójú tirẹ̀, ìpè abẹ́lé ni, owó ìpè abẹ́lé náà ni wọ́n sì yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpè náà dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ yín, wọ́n rí i pé ẹ kò sí nílé, ẹ ti wà lórí òpó àwọn ará Sáúdí. Wọ́n wá gbé ìpè náà kọjá òkun lọ bá yín. Ìrìn kejì yìí, láti Nàìjíríà dé Mẹ́kà, ta ni kó san án? Wọn kò lè yọ ọ́ lọ́wọ́ àbúrò yín tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé síìmù lọ ni wọ́n máa yọ ọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ wá rò ó wò bí a ṣe ń kíra wa. "Alhaja, ẹ kú àjò o. Ṣé ayọ̀ lẹ bá débẹ̀? Ara ńkọ́? Oòrùn ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ bá wa ṣàdúà o." Ìkíni nìkan á gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí wọ́n tó wá gbé fóònù fún àwọn ọmọ kí àwọn náà kí Màmá. Bó bá jẹ́ orí síìmù Nàìjíríà ni, Alhaja ló ń sanwó gbogbo rẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé orí WhatsApp ni kí wọ́n ti máa pè yín, kí ẹ má sì gbé èyí tó bá wọlé lórí síìmù Nàìjíríà. Ìpè tó kàn ń dún tí ẹ kò gbé kò ní owó.

Àfi ọ̀kan. Bí ẹ bá ní ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá gbé ìpè, ìpè tí ẹ kò gbé yẹn lè dé Mẹ́kà, kó tún ṣẹ́rí padà sí Nàìjíríà lọ gba ohùn náà sílẹ̀, kí wọ́n sì ka owó àlọ àti àbọ̀ sí yín lọ́rùn. Ẹ tẹ ##002# kí ẹ sì pè é nígbà tí ẹ ṣì wà nílé. Ó máa pa gbogbo ìdarí ìpè rẹ́ lórí síìmù yín.

## Ta ló ń lo dátà mi nígbà tí n kò fọwọ́ kan fóònù?

Fóònù yín fúnra rẹ̀ ni. Bí ẹ ṣe gbé e sápò yẹn, ó ń gbé fọ́tò tí ẹ yà ní Madina lọ pamọ́ sọ́dọ̀ Google, ó ń fa fídíò tí ẹgbẹ́ àdúgbò jù sórí WhatsApp wálẹ̀, ó sì ń tún àwọn áàpù ṣe. Nílé, ẹ kì í fura sí i. Lórí roaming, owó ńlá ni.

Ìpè ní ibi tí wọ́n ti ń tan tirẹ̀, dátà ní tirẹ̀. Ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Data roaming sí, ẹ pa á. Bí ẹ bá pa á, ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ á ṣì máa wọlé.

Ẹ ò tilẹ̀ ní láti wọkọ̀ òfurufú kí èyí tó ṣẹlẹ̀ sí yín. Ọ̀pọ̀ wa níhìn-ín lókè Ọya ló ń báṣẹ́ tàbí káràkátà lọ sí Illela ní Sókótó, tàbí Jíbíyà ní Katsina. Birnin-Konni ti orílẹ̀-èdè Niger kò jìnnà sí Illela rárá, òpó àwọn ará ọ̀hún sì lè lágbára ju tiwa lọ níbi tí ẹ dúró sí. Fóònù kò mọ ẹnubodè. Bí òpó ilé kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa, ó lè sá tọ òpó ọ̀hún. Bí ẹ bá rí i pé orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lókè fóònù ti yí padà, ẹ wọ Settings, ẹ pa yíyan nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ ara yín yan ti ilé.

## Àmì + tó ṣáájú nọ́ńbà yẹn, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Tiwa ni 234. Gánà ni 233, Niger 227, Sáúdí 966, Dubai àti gbogbo Emirates 971, Ìlú Ọba 44. Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ ń lo 1.

Òdo tó ṣáájú 0803 tàbí 0805 kì í ṣe ara nọ́ńbà yín gan-an. Ó kàn ń sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé "inú ilé níbí ni ìpè yìí ń lọ." Bí ẹ bá wà ní London, tí ẹ sì tẹ 0803, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ á wá a nínú ilé tirẹ̀, kò sì ní rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ fún ìyá yẹn pé kò sí nọ́ńbà ọmọ rẹ̀. Ẹ yọ òdo náà kúrò, ẹ fi +234 sí ipò rẹ̀, kó di +234803, kí ẹ wá tẹ ìyókù bó ṣe wà.

Àmì + náà dúró fún kóòdù tí ènìyàn máa fi jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè tó wà. Kóòdù ọ̀hún kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo: láti Nàìjíríà, 009 ni, láti Ìlú Ọba àti Sáúdí, 00 ni, láti Amẹ́ríkà àti Kánádà, 011 ni. Ẹni tó bá fi + sí i kò nílò láti mọ ọ̀kankan nínú wọn, fóònù á ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ òdo mọ́lẹ̀ díẹ̀ láìgbọ́wọ́ kúrò, á di +.

Ibi kan tún wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Àwọn ará Ìlú Ọba máa ń kọ nọ́ńbà wọn báyìí: +44 (0)20. Ẹ má tẹ òdo tó wà nínú àkámọ́ yẹn bí ẹ bá ti tẹ +44. Ẹni tó wà nínú ìlú wọn tí kò lo +44 ló wà fún.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kí ìrìn-àjò tó pé, kí ẹ tún gbogbo nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì kọ sínú fóònù yín pẹ̀lú +234. Bó ṣe ń lọ ní Jeddah náà ló ń lọ ní Àbújá, kò ní ba nǹkan kan jẹ́ nílé.

## Ṣé kí n ra síìmù ibẹ̀, àbí eSIM?

Bí ẹ bá máa lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ẹ ra síìmù ibẹ̀. Ẹ̀yin náà á wá di onílé lórí òpó wọn, ọwọ́ kan péré ni á máa gba owó. Ní Ìlú Ọba, ènìyàn lè ra síìmù tí a ń ra káàdì sí ní ṣọ́ọ̀bù lásán láìfi ìwé kankan hàn. Ní Sáúdí, wọ́n máa gba páásípọ́ọ̀tù yín, ẹ ó sì tẹ̀ka, torí náà ṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri.

Kí fóònù tó lè gba síìmù mìíràn, wọn kò gbọ́dọ̀ ti tì í mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. Ẹ̀yin tí ẹ ra iPhone àlòkù ní ọjà fóònù Banex, ẹ fara balẹ̀ níbí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ló tì wọ́n, tí wọ́n wá fi ọgbọ́n ki nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ síìmù kó lè ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Irú rẹ̀ lè kọ síìmù àjèjì lọ́jọ́ tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ General, ẹ wọ About, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Carrier Lock. Bó bá kọ No SIM restrictions, ọkàn yín balẹ̀.

Fún àwọn tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ fóònù ńláńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ibẹ̀ ti pa 3G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ tó ṣáájú 4G, ní 2022. Fóònù tí kò bá lè gbé ìpè lórí 4G kò ní wúlò níbẹ̀, títí kan fóònù kékeré oní tọ́ọ̀ṣì tí àwọn àgbà fẹ́ràn.

eSIM ni síìmù tí kò ní káàdì tí ènìyàn lè dì mú. Inú fóònù ló wà láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Àwòrán onígun tó kún fún àmì dúdúdúdú ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ó fi kámẹ́rà fóònù wò ó, ó parí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé síìmù Nàìjíríà yín á dúró sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú eSIM tí wọ́n ń tà fún arìnrìn-àjò, dátà nìkan ló wà níbẹ̀. Kò ní nọ́ńbà tí wọ́n lè fi pè yín. Nílé ni kí ẹ ti fi í sórí fóònù, torí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa fi wọlé.

## WhatsApp mi ńkọ́?

Kò sí ohun tó ṣe é. Nọ́ńbà tí ẹ fi ṣí i ló ṣì wà lórí rẹ̀, síìmù yòówù kí ẹ kì bọ fóònù. Bó bá béèrè bóyá ẹ fẹ́ yí nọ́ńbà padà sí ti tuntun, ẹ ní rárá. Bí ẹ bá gbà, ẹ ó padà dé Àbújá pẹ̀lú WhatsApp tó wà lórí nọ́ńbà tí ẹ kò ní lò mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ múra sílẹ̀ bó bá jẹ́ Dubai lẹ ń lọ: ìjọba Emirates dí ìpè ohùn àti ti fídíò lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ kíkọ àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ ń lọ.

Bàbá tó wà ní Ọ̀fà, tí fóònù kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, WhatsApp kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Skype tí àwọn kan máa fi ń pe irú wọn tẹ́lẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2025. Ẹ bá ọmọ kan nínú ilé dá wákàtí, kó gbé fóònù tirẹ̀ lọ bá Bàbá. Sáúdí fi wákàtí méjì ṣáájú wa. Nígbà ooru, aago Ìlú Ọba àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù, wọ́n fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa.

## Bí mo bá sọnù ńkọ́, tí bátìrì ti kú?

Ní Mina, níbi tí àwọn aláàjì ń sùn sí lẹ́bàá Mẹ́kà, àgọ́ funfun ni gbogbo rẹ̀, ọ̀kan jọ èkejì, lọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Àgbàlagbà tó bá jáde lọ ṣàlùwàlá lè máà mọ ọ̀nà padà. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ nọ́ńbà aṣáájú ikọ̀ yín sórí bébà, nọ́ńbà tó ń lò ní Sáúdí níbẹ̀, pẹ̀lú +966 níwájú rẹ̀ àti nọ́ńbà àgọ́ yín nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi sínú àpò tó wà lọ́rùn àwọn àgbàlagbà yín. Ẹnikẹ́ni tó bá rí wọn á lè fi fóònù tirẹ̀ pè. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Mẹ́kà ni 911. Ti Amẹ́ríkà náà nìyẹn. Ní Ìlú Ọba, 999 ni, 112 náà sì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ mú power bank dání, ṣùgbọ́n inú báàgì ọwọ́ ni kí ó wà. Wọn kì í gbà á nínú ẹrù tó ń lọ sí ikùn ọkọ̀ òfurufú.

## Kóòdù báńkì kò dé. Kí ni mo ṣe?

Báńkì kò mọ̀ pé ẹ ti ra síìmù tuntun. Nọ́ńbà Nàìjíríà tó wà lórí àkáǹtì yín ni wọ́n ń fi kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ń náwó, ránṣẹ́ sí, bí síìmù yẹn bá sì wà nínú dúrọ́ọ̀ ní Gwarinpa, inú dúrọ́ọ̀ náà ni kóòdù lọ. Síìmù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ wà nínú fóònù, kí roaming rẹ̀ ti ṣí, kí ẹ sì pa dátà rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń wọlé kì í ní owó. Bó ṣe yẹ kí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ṣe é gan-an nìyí: síìmù Nàìjíríà fún kóòdù báńkì nìkan, síìmù ibẹ̀ tàbí eSIM fún dátà, WhatsApp fún ọ̀rọ̀ sísọ.

Àwọn kan máa ń fi síìmù wọn sílẹ̀ fún ẹbí nílé kó máa ka kóòdù fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Síìmù yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì yín, bó bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀, ẹ kò sí nílé tí ẹ máa fi mọ̀. Ẹ má gbójú lé àwọn kóòdù oní-ìràwọ̀ tí a fi ń fowó ránṣẹ́ nílé pẹ̀lú. Áàpù báńkì ni kí ẹ ṣí, kí ẹ dán an wò, kí ẹ rí i pé ó ń fowó ránṣẹ́ kí ẹ tó dé pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe.

## Bí mo bá pẹ́ lọ́hùn-ún ńkọ́?

Òfin NCC sọ pé bí síìmù bá lo oṣù mẹ́fà láìṣe ohun tó mówó wọlé fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n lè pa á. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà lè bọ́ lọ́wọ́ yín, kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tó rà á ní Kàdúná tàbí ní Jos kò ṣẹ̀ yín, ṣùgbọ́n òun ni ìfitónilétí báńkì yín á máa bá, kóòdù yín pẹ̀lú. Ìyá tó lọ tọ́jú ọmọ ní Kánádà lè lo oṣù mẹ́fà láìfura.

Kí síìmù kàn wà nínú fóònù, kó máa gba àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, kò tó. Ní oṣù méjì-méjì, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ lórí rẹ̀ tàbí kí ẹ fi pe ilé fún ìṣẹ́jú kan, kí káàdì sì máa wà lórí rẹ̀. Ọmọ tó wà nílé lè máa rà á sí i fún yín. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ kò ní padà láàárín ọdún náà, ẹ lọ sí báńkì kí ẹ tó lọ, kí wọ́n fi nọ́ńbà tó máa wà lọ́wọ́ yín pẹ́ rọ́pò rẹ̀.